Ariwo Aládùúgbò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọgbà kékeré lẹ́yìnkùlé: ewédú, tẹ̀tẹ̀, òdòdó díẹ̀. Thomas Birch Freeman pàápàá, tó mú ìyìn rere dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842, olùtọ́jú ọgbà ni kó tó di míṣọ́nnárì. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn, ariwo aládùúgbò a gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ǹjẹ́ wọ́n ṣẹ̀ wá bí?

Lójú tiwa, ariwo ju ariwo lọ. Opó tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún ará àdúgbò, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń dún yẹn; ìgbafẹ́ wa kò tó ìdí láti pa á lẹ́nu mọ́. Ti ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta di òru nítorí àríyá yàtọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n aládùúgbò yìí kan náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ igbe wa bí olè bá dé. Ẹ jẹ́ kí a fẹsẹ̀ ara wa lọ bá a lọ́sàn-án, nígbà tí inú ti rọ̀, pẹ̀lú ewédú díẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá sì ní ìlù ìṣọ́ òru tiwa náà kì í jẹ́ kí òun sùn, ẹ jẹ́ kí a bi í pé aago mélòó ni ó fẹ́ kí a dákẹ́.