Ta Ló Ni Ilé Ìdáná Tí Ẹnì Kan Tún Ṣe?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà. Èéfín àti ìbẹ̀rù iná ló mú kí àwọn tó kọ́lé gbé e síbẹ̀, kí wọ́n sì fi páànù bò ó. Èéfín ọdún pípẹ́ ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú, sítóòfù mẹ́ta mẹ́rin wà nílẹ̀, oníkálukú sì ní àyè tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fa ìlà sí ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé mọ̀. Bó bá yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ olóògbé tó kọ́ ilé náà á rí owó díẹ̀. Á pe bíríkìlà àti plọ́ńbà. Wọ́n á ha ògiri, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á lẹ táìlì mọ́ ọn, wọ́n á gbé síńkì sí i. Káfíńtà á fi pákó kan kábíńẹ́ẹ̀tì, sìlíńdà gáàsì á dúró síta, rọ́bà rẹ̀ á sì gba ara ògiri wọlé. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni ilẹ̀kùn tuntun á dé, àgádágodo á tẹ̀ lé e, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo á sì wà lọ́wọ́ ẹni tó náwó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: ṣé owó tí èèyàn ná sórí ohun àjùmọ̀ní lè sọ ohun náà di tirẹ̀ nìkan? Èrò tèmi ni pé kò lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ àwọn yòókù di ajigbèsè, kò lè sọ wọ́n di àlejò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìfọ́lé, ìkọlù sí àwọn onígbàgbọ́, ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1867, tí àwọn Ègbá onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó, Gómìnà John Glover fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n ti lé nílé rí kì í fi ọ̀rọ̀ ilé ṣeré. Ó ń kọ́ ọ de ọmọ ni. Bí irú onílé bẹ́ẹ̀ bá sì kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé ẹbí ni ilé rẹ̀ ń dà lábẹ́ àṣà wa. Àwọn ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí èyí tipẹ́. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n gbọ́ ní Èkó ní 1908 sí 1909 lórí ilé Mabinuori, ìjòyè tó kú ní 1874, wọ́n gbà pé ọmọ ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ilé náà, láti máa wọlé kó máa jáde, àti láti dá sí bí wọ́n ṣe ń bójú tó o. Wọ́n tún gbà pé ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà lè jẹ́ olórí ẹbí, ohun tí ọ̀pọ̀ dáwódù òde òní kì í fẹ́ rántí. Ọmọ ẹbí tó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, ó tún ilé ẹbí ṣe ni, kò rà á. Ẹ sì rò ó wò: ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé inú ilé, tí kò níbi tó lè gbé ìkòkò kaná, kí ló kù nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀? Oorun nìkan ni.

Àwọn kan á ní ohun tí òfin sọ lè yàtọ̀ sí òdodo, pé ẹni tó làágùn ló yẹ kó jẹ. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1689: èèyàn ló ni agbára ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá da iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lólóhun ni Locke ń wí, bí èso inú igbó àti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá. Ó sì tún ní kí ẹni tó mú tirẹ̀ ṣẹ́ èyí tó tó, tó sì dára, kù fún ẹlòmíràn. Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe igbó. Ó lólóhun kí sìmẹ́ńtì tó dé. Bó bá sì jẹ́ pé òógùn ló ń sọ nǹkan di ti ẹni, bíríkìlà tó ha ògiri àti ọmọ iṣẹ́ tó po sìmẹ́ńtì ló yẹ kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ, nítorí tiwọn gan-an ló kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Ta wá ni àwọn tó ni ín? Wọ́n ní Olóyè Elésì ti Odògbólú sọ fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní 1912 pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àìmọye kò sì tíì dáyé. Ibí ni onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ti máa ń fà sẹ́yìn: òkú ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi ilé ìdáná ṣe? Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbà pé bàbá àgbà ń ṣọ́ sítóòfù. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni kí á wò. Ẹni tó ka ìwé ìhágún tó sì tẹ̀ lé e, òkú ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹni tó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún mọ́ṣáláṣí, àwọn tí a kò tíì bí ló ń ro tiwọn mọ́ ọn. Bí olówó kan bá sì kan páànù tuntun sórí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó gbàdúrà fún un, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, ṣùgbọ́n bó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ẹni tí kò ní bú u. A mọ òfin yìí dáadáa nílé Ọlọ́run. Ilé bàbá wa ni a ti ń díbọ́n pé a kò mọ̀ ọ́n.

Mùsùlùmí kan lè fi ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáhùn: Ọlọ́run ti pín ogún nínú Sura An-Nisa, ó fún olúkúlùkù ní ìpín, àwọn obìnrin pàápàá, fífi ilé sílẹ̀ láìpín láti ìran dé ìran ló sì ń jẹ́ kí alágbára gba ti aláìlágbára. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n díye lé e, kí ẹni tó fẹ́ ilé ìdáná san ìpín àwọn yòókù fún wọn. Àgádágodo kò díye lé nǹkan kan. Ó pín ogún láìbéèrè lọ́wọ́ ajogún, èyí sì lòdì sí Sura yẹn ju ilé ẹbí lọ.

Àtakò tó le jù ni ti ìlera àti ìjà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ni afẹ́fẹ́ tí ìdáná inú ilé bà jẹ́ ṣekú pa. Ẹni tó lé èéfín jáde ṣe oore tí kò kéré, ó sì yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni èéfín náà lọ? Ìyàwó àbúrò ẹni tó náwó, tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́, á gbé sítóòfù rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ohun tó ń pani kò tíì kúrò nínú ilé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a ló kó lọ. Ní ti ìjà, kò sí ẹni tó gbé ilé ẹbí rí tí kò mọ̀ ọ́n: ta ló da kẹrosíìnì mi, ta ló ṣí ọbẹ̀ mi wò. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má fi nǹkan sí oúnjẹ pàápàá wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹun nídìí rẹ̀, a sì ń tẹ̀ lé àwọn ìyá wọ̀nyí títí dòní tí a bá ń pín ogún ní ìdí-igi. Ààrò wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, agbo ilé kò sì tìlẹ̀kùn mọ́ ìkankan. Kábíńẹ́ẹ̀tì oníkálukú ló yẹ kó ní àgádágodo, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Bí ẹni tó náwó kò bá ní jàǹfààní kan, ta ni yóò tún náwó mọ́? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó gba owó rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ríṣíìtì fi ṣe pàtàkì ju táìlì lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà níwájú ilé, owó tí àwọn tó háyà rẹ̀ ń san lè san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti dá owó sí i, kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìpín rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ta ilé tàbí tí wọ́n bá pín owó ilé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí, ẹ pe ìpàdé ẹbí kí àpò sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó dé, ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ ná àti bí ẹ ó ṣe gbà á padà sílẹ̀, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ti tilẹ̀kùn pa, kó ṣí i, kó sì kó ríṣíìtì rẹ̀ wá síwájú ẹbí.