Pẹpẹ àti Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 16 ní Ìwó, ìlú odídẹrẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti tó pẹpẹ, ó tilẹ̀ ga jù mí lọ. Síbẹ̀, ọwọ́ náà ṣì ń wọ kèrègbè: òun ló ń bá mi tún fóònù ṣe. Òwe yìí ò rántí ẹni tó lè ṣe méjèèjì! Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 ṣì kà á sí ọmọdé títí yóò fi pé 18, bẹ́ẹ̀ ó ti ń fojú sọ́nà fún Yunifásítì Bowen, tó ṣílẹ̀kùn nílùú wa ní 2002. A gbàdúrà, a jẹ mọ́ínmọ́ín. Kéèkì làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá. Èmi fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé.