Ṣé A Lè Fi Bàálù Ogun Ṣeré?

Kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn ún wò ló mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí nìyí: ṣé ó tọ́ kí èèyàn fi ohun tí wọ́n fi ń pa ọmọ èèyàn ṣeré?

Ní Ìmórù níbí, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, wọ́n fi páálí kan ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Bàálù ajagun Spitfire ló wà nínú rẹ̀, oníke, ní wẹ́wẹ́. Èèyàn ni yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí yóò sì kùn ún lọ́dà. Apá bàálù gidi, láti ìkángun kan dé èkejì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 37. Èyí tí wọ́n dín kù sí ìdá kan nínú 72 kò ju bí ínǹṣì 6 lọ. Síbẹ̀, kò sí ohun tí wọn ò fi sí i: táyà, dígí tó bo awakọ̀ lórí, ìbọn ńlá méjì tó yọrí jáde níwájú apá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọmọ náà lò lórí rẹ̀. Tí ibì kan ò bá jọ ti gidi, á tú u, á tún un tò.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa yà kí wa, ó rí i.

"Kí lò ń ṣe yìí, ọmọ mi?"

"Bàálù ogun ni, Ìyá. Eré lásán ni."

"Eré kẹ̀? Ta lẹ fẹ́ fi í pa? Gbé e sọ nù jàre!"

Ó wá sọ fún wa nípa obìnrin Ìgbò kan tí àwọn jọ ń tajà kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé, kò padà mọ́. Ìròyìn tó kan Ìyá létí ni pé inú ọjà ni bàálù ká wọn mọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bàálù ìjọba àpapọ̀, MiG-17 àti Ilyushin, ju bọ́ǹbù sí ọjà àti ilé ìwòsàn nígbà ogun yẹn. Àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè dé ibẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 1969.

Ọmọ náà ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ti Gẹ̀ẹ́sì lèyí, Hitler ni wọ́n fi bá jà. Kò kàn wá."

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí i. Ó kàn wá. Nígbà ogun Hitler, wọ́n dáwó ní Nàìjíríà láti fi ran Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi Nàìjíríà sọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan lórúkọ, Ẹgbẹ́ 91, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hawkinge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kìíní ọdún 1941. Spitfire ni wọ́n ń wà. Ní 1944, wọ́n wà lára àwọn tó ń já V-1 lulẹ̀, bọ́ǹbù tó ń dá fò, tí Jámánì ń rán sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé láti 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ra kòkó wa, òun náà ló ń dá iye lé e. Ẹni tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye lé ọjà rẹ̀ tún ń dáwó ogun.

Àwọn kan á ní ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu náà lè pa èèyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ níṣẹ́ mìíràn. Bàálù ajagun ò níṣẹ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ Ìyá wúwo, n ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Síbẹ̀, n ò ní kí ọmọ náà sọ ọ́ nù. Ní Umuahia, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní 1985, bàálù ogun wà níta gbangba, àwọn ọmọdé ń wò ó. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dáná sun ún, torí pé ìtàn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó burú ni kí ìrísí pé, kí ìtàn má pé. Irọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ń pa, bó ti wù kó jọ tó.

Ìyá ò gbà fún mi títí di òní. Èmi náà dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì wádìí bí táyà ṣe rí, ó yẹ kó wádìí ẹni tó sanwó bàálù náà, àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń fò kọjá.