Irin Kì í Gba Irọ́

Níbi tí mo ń gbé ní àríwá Ẹ́ńgílándì, olúkúlùkù ló ni ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ni gbọ̀ngàn oúnjẹ, yàrá ìfọṣọ àti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Àwọn ará Denmark ló bẹ̀rẹ̀ irú àdúgbò báyìí. Sættedammen, tí àwọn ènìyàn kó wọ̀ lọ́dún 1972, ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́. Òkìtìpupa ni mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ mí lógún ju ti oúnjẹ lọ.

Ẹnì kan gbé pákó àlòkù wá, kò yọ ìṣó inú rẹ̀ tán. Abẹ ìfági kọlu ìṣó, ẹnu rẹ̀ sì kán. Ẹni náà nu ìfági mọ́ tónítóní, ó gbé e padà sáyè rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá àgbà kan láàárín wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wá fi fá pákó ibùsùn ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbogbo ibi tí abẹ gbà ló fi ilà sílẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n fi abẹ tó kú kọ nílà.

Ní ìpàdé, àwọn kan ní ká fi kámẹ́rà síbẹ̀, kí ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ máa san owó ìtanràn. Mo ní rárá. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ jọ ni ohun gbogbo. Bí ọ̀pọ̀ oníwàásù bá dé orí Ananíà àti Sàfírà, tọkọtaya tó ta ilẹ̀ tí wọ́n sì fi apá kan owó rẹ̀ pamọ́, wọ́n á ní ahun ló pa wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pétérù sọ fún Ananíà gbangba pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà kó tó tà á, pé ìkáwọ́ rẹ̀ náà ni owó rẹ̀ wà lẹ́yìn tó tà á. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa tí kò gbọ́ orúkọ Pétérù rí mọ èyí: irin Ògún ni wọ́n fi ń búra, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣì ń fi irin búra ní kóòtù.

Aristotle ní ohun tó bá jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtọ́jú rẹ̀ máa ń kéré jù. Àwọn kan á nawọ́ sí Ayétòrò wa ní etí òkun Ìlàjẹ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947. Wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, àpò kan ni owó ń wọ̀, nígbà tó yá olúkúlùkù ń dá ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ìtanràn kò ní pọ́n abẹ kankan. Yóò kàn kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fi àbùkù pamọ́ ni. Abẹ tó kán tí gbogbo wa mọ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo ní ká kan pẹpẹ sẹ́nu ọ̀nà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, gbé e síbẹ̀, kọ orúkọ rẹ àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Àpò gbogbo wa ni yóò tún un ṣe. Aládùúgbò mi kan bi mí pé kí ló dé tí owó òun yóò fi tún àìbìkítà ẹlòmíràn ṣe. Ìbéèrè gidi ni. Mo ní owó yẹn ni a fi ń ra òótọ́, òótọ́ sì ni ìka rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tó bá tan ayùn oníná.

Lórí ayùn yẹn nìkan ni mo ti gbà kí ìyà wà: ẹni tó bá fi àbùkù ayùn náà pamọ́, kó dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà.