Ṣé Iná Nìkan Ní Í Wẹ Irin Mọ́?

Òwe kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, tí a fi ń tu ẹni tí ìyà ń jẹ nínú: wúrà tí yóò dán, yóò la iná kọjá. A ń pa á fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀nà rẹ̀ dí. A ń pa á fún opó. A sì ń pa á ní ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí a bá na ọmọ tán, tí a fẹ́ kí ó gbà pé ire rẹ̀ ni a ń wá. Òwe náà dára, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní irọ́. Ṣùgbọ́n òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, ẹṣin a sì máa gbé ẹni tí kò di ìjánu rẹ̀ mú lọ sí ibi tí kò rò. Láti inú òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fa ẹ̀kọ́ kan yọ tí òwe náà kò kọ́ wa rí: pé ìyà fúnra rẹ̀ a máa sọ ènìyàn di rere, àti pé bí ìwà ọmọ kò bá tíì mọ́, iná ni kò tíì tó. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí a ó sì kọ́kọ́ bi léèrè ni àwọn tí iná jẹ́ iṣẹ́ wọn, èyíinì ni àwọn tí ń yọ́ irin.

Ìdàrọ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn baba wa ti ń yọ́ irin láyé àtijọ́, a ṣì ń rí i nílẹ̀, dúdú, wúwo, kò wúlò fún ọkọ́ tàbí àdá. Ohun tí ó yà kúrò lára irin nínú iléru ni. Ẹni tí ó bá rí i lè sọ pé iná ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ya èérí sọ́tọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Ìdàrọ́ tí a rí nílẹ̀ ni èyí tí ó jáde. Èyí tí kò jáde ńkọ́? Inú irin ni ó wà. Nígbà tí irin bá sì ti yọ́ pátápátá nínú iléru ńlá, tí ó ń tàn bí oòrùn, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ irin mímọ́ yàtọ̀ sí irin aláìmọ́. Ohun gbogbo tí ó wà nínú iná ni ó ń tàn.

Ní ọdún 1856, ní ìlú Cheltenham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Bessemer dúró níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀, ó sì ròyìn ọ̀nà titun kan tí a lè gbà sọ irin di sítíìlì, irin líle tí ó ń tẹ̀ láìdá. Ṣáájú ìgbà náà, iṣẹ́ tí ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, èédú tí ó sì ń jẹ kò kéré. Bessemer ní kí a da irin yíyọ́ sínú ìkòkò ńlá kan, kí a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ìdí ìkòkò náà gba inú irin kọjá. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé afẹ́fẹ́ yóò mú irin náà tutù. Ìdàkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: afẹ́fẹ́ náà mú kí èédú tí ó ti wọ inú irin gbiná, ooru rẹ̀ sì pọ̀ sí i láìfi igi tàbí èédú mìíràn kún un. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, iṣẹ́ ti parí. Bí iná kan bá wà láyé tí a lè sọ pé ó tó láti wẹ irin mọ́, iná Bessemer ni.

Àwọn oníléru san owó ńlá kí wọ́n lè lo ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lò ó, irin tí ó jáde lọ́wọ́ wọn kò ṣeé fi ṣe ohunkóhun. Ó dára ní wíwò, ṣùgbọ́n bí a bá fi òòlù kàn án nígbà tí ó tutù, a dá bí ìkòkò amọ̀. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èérí kan tí ó ti bá irin wá láti inú òkúta tí a ti yọ́ ọ. Kò ní láti pọ̀ kí ó tó ṣe ibi: bí ó bá ju ìdá 1 nínú 1,000 lọ, irin ti ń di ohun tí a kò lè fọkàn tán. Irin tí Bessemer fi dán ọ̀nà rẹ̀ wò níbẹ̀rẹ̀ wá láti Blaenavon ní ilẹ̀ Wales, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú irin yẹn sì kéré. Bessemer kò mọ èyí. Ó rò pé iná òun ni ó wẹ irin náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èérí yẹn kò tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Mélòó ni olùkọ́ tí ó na ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti tọ́ dáradára kí ó tó rán an wá sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì fi ògo ìwà ọmọ náà fún pàṣán? Nígbà tí a bá sì gbé ọmọ mìíràn dé, tí ilé rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, tí a sì fi pàṣán kan náà nà án, tí ó dá sí méjì lọ́wọ́ wa, ẹnu a yà wá, a sì wí pé ọmọ náà ni kò gbẹ̀kọ́.

Fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún, kò sí ẹni tí ó rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń wá òkúta irin tí kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kiri, wọ́n ń ra irin láti ilẹ̀ Sweden, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta irin tí ó wà nítòsí wọn tì. Ìdí rẹ̀ nìyí. Kì í ṣe pé iná kò kan fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Iná kàn án, ó sì fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹ̀yà yanrìn ni a fi rẹ́ ikùn ìkòkò Bessemer, ìdàrọ́ tí ó sì ń wà nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò lè gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ra. Ó jáde, kò rí ibi tí yóò dúró, ó sì padà sínú irin, bí ẹ̀mí àìmọ́ inú òwe Olúwa wa tí ó padà sí ilé tí ó ti jáde wá.

Ẹni tí ó tú ìdí rẹ̀ kì í ṣe oníléru. Sidney Gilchrist Thomas, ẹni tí a bí ní ọdún 1850, jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọ̀sán ó ń kọ ẹjọ́ àwọn tí ọlọ́pàá mú wá; ní alẹ́ ó ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ó wà nínú àwọn nǹkan gbogbo àti bí wọ́n ti ń para pọ̀. Òun àti ìbátan rẹ̀, Percy Gilchrist, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ní Blaenavon kan náà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n jọ dán an wò. Wọ́n yọ yanrìn kúrò, wọ́n fi irú òkúta ẹfun kan tí a ti sun rẹ́ ikùn ìkòkò náà, wọ́n sì da ẹfun sínú irin yíyọ́. Ẹfun gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ra, ó dì í mú, ó sì léfòó pẹ̀lú rẹ̀ sínú ìdàrọ́. Ní ọdún 1879, ní Middlesbrough, gbogbo ayé rí i pé ó ṣeé ṣe. Thomas kò pẹ́ láyé. Ó kú ní ọdún 1885, ní ẹni ọdún 34.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí àwọn méjèèjì ṣe. Wọn kò fi kún iná. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ohun tí yóò gba èérí náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ yí ìkòkò fúnra rẹ̀ padà, nítorí pé ìkòkò oníyanrìn kò lè gba ẹfun sínú kí ó má bàjẹ́.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Báwo ni a ó ti ṣe mọ̀ pé èérí ti jáde? Nígbà tí èédú inú irin bá ń jó, ahọ́n iná a máa yọ ní ẹnu ìkòkò. Nígbà tí èédú bá sì tán, a rẹlẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ọ a sì mọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí iná ti rẹlẹ̀, tí aláìmọ̀kan yóò sọ pé iṣẹ́ parí, ìgbà náà gan-an ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń jáde. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ a tún fẹ́ afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a dáwọ́ dúró, wọn a sì bù díẹ̀ nínú irin náà, bí ìyá ti í bu ọbẹ̀ tọ́ wò kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọn a fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ, wọn a tì í bọ omi, wọn a dá a sí méjì, wọn a sì wo ojú ibi tí ó ti dá. Bí hóró inú rẹ̀ bá tóbi, tí ó ń kọ mànà, èérí ṣì wà. Bí ó bá kúnná, a lè dà á. Lónìí, ẹ̀rọ ni a fi ń ṣe èyí: a ó fi iná mànàmáná ta sí ìwọ̀nba irin tí a bù, ẹ̀rọ yóò sì ka àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó yọ, yóò sọ iye ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò yí padà: bù ú wò kí o tó dà á, nítorí ohun tí ó bá ti dì mọ́ inú irin tútù, àfi kí a tún un yọ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni èyí kọ́ wa. Èkíní ni pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìwà mímọ́. Ọmọ tí ó ti ń pariwo, tí ó wá dákẹ́ lẹ́yìn tí a nà án, iná rẹ̀ ni ó rẹlẹ̀. A kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni pé ìgbà tí irin ṣì rọ̀ ni ìgbà àyẹ̀wò. Láti kékeré ni a sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀kẹta ni pé díẹ̀ ni a ń dá kí gbogbo rẹ̀ má bàa dá. Bí òṣìṣẹ́ bá rí èérí nínú ohun tí ó bù, kì í bú ìkòkò, kì í sì í da irin nù. A padà lọ sí ìdí iṣẹ́. Olùkọ́ tí ń wá àléébù ọmọ kí ó lè fi í ṣẹ̀sín níwájú kíláàsì kò tíì mọ ohun tí àyẹ̀wò wà fún.

Ẹnìkan lè wí pé, ‘Ṣé Ìwé Mímọ́ kò fi Olúwa wé ẹni tí ń yọ́ fàdákà ni?’ Ó fi í wé e nítòótọ́, nínú ìwé Málákì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ibẹ̀ sọ jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, kò tan iná kí ó sì máa lọ. Wòlíì Jeremáyà pẹ̀lú sọ nípa iṣẹ́ ìyọ́rin tí ẹwìrì rẹ̀ jóná, tí ó sì já sí asán nítorí pé ibi kò yà kúrò. Ìyọnu 10 ni ó kọlu Fáráò, ọkàn rẹ̀ sì ń le sí i. Iná iléru tí kò pa Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò lára pa àwọn tí ó gbé wọn jù sínú rẹ̀. Iná kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni Ẹni kẹrin tí ó bá àwọn mẹ́ta náà rìn. A kò sẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nínú ìpọ́njú pẹ̀lú ìwà tí ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè, wọn yóò dárúkọ ẹnìkan fún ọ: ìyá tí kò sùn, ọ̀rẹ́ tí ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn tí kò sì rò ó fún ẹlòmíràn, tàbí Olúwa fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni ẹfun. Àwọn tí ó dá wà nínú irú iná bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jáde pẹ̀lú ìkorò.

Àwọn mìíràn wà tí kì í wẹ irin, tí wọn kì í sì í dá a wò. Wọn a bò ó. Ní ọdún 1879 kan náà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, afárá odò Tay ní ilẹ̀ Scotland wó nínú ìjì pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin lórí rẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú ọkọ̀ náà tí ó yè. Àbùkù afárá náà pọ̀, láti orí àwòrán rẹ̀ dé orí ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn nínú ìwádìí tí ó tẹ̀lé e: pé ní ibi tí a ti da àwọn òpó irin rẹ̀, bí ihò bá wà lára òpó, wọ́n a máa fi ìda, oje igi, èérún irin àti èéfín fìtílà tí a pò pọ̀ dí i, títí ojú rẹ̀ yóò fi jọ ojú irin. Ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi orin dídùn àti aṣọ funfun bo ohun tí kò fẹ́ kí alábẹ̀wò rí, irú òpó bẹ́ẹ̀ ni ó ń dà. Ọjọ́ ìjì ni yóò wò ó.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ìdàrọ́ Thomas. Wọn kò dà á nù. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, àwọn àgbẹ̀ sì ń rà á fi ṣe ajílẹ̀, nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ń ba irin jẹ́ ni ohun ọ̀gbìn ń fẹ́ láti dàgbà. Agídí tí a ń bá ọmọ wí nítorí rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ó dúró ṣinṣin lọ́jọ́ iwájú nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sá, bí a bá lè yà á kúrò níbi tí ó ti ń bàjẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ibi tí ó ti wúlò.

Ìdáhùn wa nìyí. Iná nìkan kì í wẹ irin mọ́. Iná a máa tú ohun tí ó dì. Ohun tí ó bá wà nínú ìkòkò pẹ̀lú irin ní í sọ bóyá èérí yóò jáde tàbí yóò padà. Àwọn baba wa kò sì fi èyí pamọ́ fún wa, nígbà tí wọ́n wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni iná. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹfun. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gbé pàṣán lọ́la kọ́kọ́ wo ohun tí a fi rẹ́ ikùn òun fúnra rẹ̀.