Ìfẹ́ Ìyá Ha Tó Láìsí Ìmọ̀ Bí?

A mọ̀ pé ẹnu yóò ya àwọn kan láti rí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ nínú ìwé ìròyìn Ìjọ. Ṣùgbọ́n Ẹni tí ó dá ojú àti etí ni ó dá ọ̀nà ìtọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí Ọlọ́run kò tijú láti dá, kò yẹ kí àwa tijú láti sọ, nígbà tí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè wa nìyí: ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ àmì àrùn lára rẹ̀, ó ha ti ṣe gbogbo èyí tí ó yẹ bí?

Àrùn kan wà tí a ń bí mọ́ ọmọkùnrin nìkan: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde. Hugh Hampton Young, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó to irú awọ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1919. Àrùn náà kò wọ́pọ̀. Nínú bí 5,000 sí 8,000 ọmọkùnrin tí a bí, bí ẹnì kan ni ó ń ní in. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde a máa fẹ àpò ìtọ̀, a sì máa padà sẹ́yìn ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín tí ó bá bàjẹ́ tán kò ṣe é tún ṣe.

Àwọn àmì rẹ̀ kò farasin fún ẹni tí ó bá wò ó. Ọmọ tuntun a sábà máa tọ̀ kí ọjọ́ kan tó pé, ìtọ̀ ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ le a sì máa ta jáde réré. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, bí ọmọ bá ń tiraka tí ó sì ń sunkún kí ó tó tọ̀, bí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ bá wú tí ó sì le, bí ibà bá ń mú un láìsí ìdí, tí kò mu ọmú dáadáa, tí kò sì sanra, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí ìtọ̀ rẹ̀ bá di tín-ín-rín lẹ́yìn ìkọlà. Kì í ṣe gbogbo àmì wọ̀nyí ni í jẹ́ àrùn tí a wí yìí. Oníṣègùn ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́.

Àwọn kan wí pé àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òtítọ́ ni. Ìyá tí a kò kọ́, a kò lè dá a lẹ́bi. Ìkà sì ni ẹni tí ó bá di ẹ̀bi rù ú nígbà tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bi kò bá sí lọ́rùn rẹ̀, ó wà lọ́rùn àwa tí a mọ̀ tí a kò sọ. Ẹ rántí Míríámù: kì í ṣe ẹkún ni ó fi ran Mósè lọ́wọ́ lẹ́bàá odò, bí kò ṣe ojú tí ó fi ṣọ́ ọ, àti ẹsẹ̀ tí ó fi tọ ọmọbìnrin Fáráò lọ.

Ohun kan sì wà tí ó burú ju àìmọ̀ lọ. Nígbà púpọ̀ ìyá rí i, ó sì wí. Ìyá ọkọ rẹ̀ a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ náà ṣe, ara rẹ̀ yóò yá." Bàbá ọmọ a ní kí oṣù parí ná. Àwa nínú ìjọ a ní kí á gbàdúrà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbàdúrà tí ó sì ń dí ìyá lọ́nà ilé ìwòsàn, ó ń dán Olúwa wò. Ojú ìyá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Etí àwa ni ó kọ̀.

Àwa ará Olúyọ̀lé kò ní àwíjàre púpọ̀. Láti ọdún 1957 ni a ti ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí a ń pè ní UCH, kò sì jìnnà sí Bódìjà. Àwọn oníṣègùn a máa fi ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín fa ìtọ̀ náà, lẹ́yìn èyí wọn a gé awọ tí ó dí i. A kò gbàgbé pé owó ìtọ́jú a máa wọ òbí lọ́rùn. Nítorí náà ni ìjọ fi ní àpò àánú.

Èsì wa nìyí: ìfẹ́ ìyá nìkan kò tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá nìkan ni yóò pèsè èyí tí ó kù. Kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá kọ́ àwọn aboyún, kí olùkọ́ sọ ọ́ fún òbí, kí bàbá sì gbọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá wí fún un. Olójú jíjìn, òkèèrè ni ó ti ń mẹ́kún sun.