Ta Ni Yóò San Ìṣákọ́lẹ̀ fún Ilẹ̀?

Bí Yorùbá bá fẹ́ bú ẹni tó hùwà àrékérekè sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ dáadáa: ẹni tó da ilẹ̀. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Lẹ́nu àwa ará ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ nìkan ló kù nínú òwe yìí. Ẹ jẹ́ ká dá a padà sóko díẹ̀, pàápàá oko kòkó, ká bi ara wa léèrè: ṣé èèyàn lè da ilẹ̀ oko fúnra rẹ̀?

Ẹ wo bí kòkó ṣe ń jẹun. Inú igbó ni àwọn baba wa ti ṣán oko tí wọ́n gbìn ín sí. Ewé tó ti ń já bọ́ níbẹ̀ láti ọdún gbọ́n-ọn-gbọ́n, tí ekòló jẹ, tó jẹrà, ni oúnjẹ tí igi náà bá nílẹ̀. Gbòǹgbò tó fi ń jẹun kò sì jìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Òkè erùpẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ wà. Bí a bá dáná sun ewé gbígbẹ, tí ọ̀gbàrá wọ́ erùpẹ̀ lọ, ebi dé nìyẹn.

Ìkórè ńkọ́? Bí a bá gbé èso kòkó tútù sórí òṣùwọ̀n, èèpo rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 7 nínú 10. Hóró là ń tà, ṣùgbọ́n èèpo yẹn ló kún fún potassium. Ìdí nìyẹn tí eérú rẹ̀ fi dára fún ọṣẹ dúdú. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ bí òkìtì sínú oko, àrùn tó ń sọ èso di dúdú lè máa tibẹ̀ ràn. Àmọ́ bí a bá dà á pọ̀ mọ́ ewé àti ìgbẹ́ adìyẹ, tó gbóná, tí à ń yí i títí ó fi jẹrà tán, ajílẹ̀ gidi ni. Iṣẹ́ ni o, kì í ṣe eré.

Ta wá ni kó ṣe é? Ibẹ̀ lẹjọ́ wà. Ní agbègbè Oǹdó àti Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ló jẹ́ àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ bi àlejò, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bí mo bá tọ́jú ẹ̀ tán tí wọ́n gbà á ńkọ́?" Ẹ bi onílẹ̀, á ní: "Ṣé èmi ni mò ń kórè ni? Kó gbé ìṣákọ́lẹ̀ mi wá." Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n gómìnà kì í ru ajílẹ̀ lọ sóko ẹnikẹ́ni.

N kò bú àlejò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ṣòro kó ro ti ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ onílẹ̀, kò mọ àlejò. Ohun tí wọ́n kó lọ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá jẹ níbẹ̀ ló jẹ gbèsè. Àwa ará ìlú náà jẹ ńbẹ̀: owó kòkó wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ró nílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, òun náà ló kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn.

Lójú tèmi, kí onílẹ̀ àti àlejò kọ àdéhùn sínú ìwé: iye ọdún tí wọn ò ní lé e, àti pé bó bá ń bọ́ ilẹ̀, kí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ dín. Ohun tí onílẹ̀ bá dín, ilẹ̀ ló san án fún.

Ilẹ̀ kì í pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Lọ́dún kan èso á dín. Lọ́dún mìíràn ẹ̀ka á gbẹ lókè. Ọmọ tó jogún oko á wá máa pariwo pé ayé ló ń bá òun jà. Ayé kọ́. Gbèsè bàbá rẹ̀ ni.